Ọ̀gá ní kí n kọ owó pásítọ̀ sábẹ́ owó olùkọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá. Mo bẹ admin pé kí wọ́n bá mi gbé e síta láìdárúkọ mi.

Àjọ Kristẹni kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tí rògbòdìyàn lé kúrò nílùú wọn là ń tọ́jú, èmi ni mo sì ń mójú tó owó àti ètò ìrìn àjò. Lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ sí rìtíríìtì ní Jos. Àwọn dónọ̀ wa ló sanwó rẹ̀, ohun tó sì wà nínú ìwé àdéhùn ni pé kí a fi kọ́ òṣìṣẹ́ nípa ìdáàbòbò ọmọdé: bí a ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ, ẹni tí a ó lọ fi tó létí, ohun tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe pẹ̀lú ọmọ.

Nígbà tí ètò jáde, ẹ̀kọ́ yìí ti di òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré. Ààwẹ̀, ìsọjí àti àdúrà òru ló kún ìyókù. Pásítọ̀ méjì ń bọ̀ láti Èkó. N ò ní ká má gbàdúrà o, iṣẹ́ tiwa yìí gba àdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa (Dádì la máa ń pè wọ́n) ní kí n kọ owó àwọn pásítọ̀ àti owó bàálù wọn sábẹ́ owó olùkọ́, bíi pé àwọn ló kọ́ wa ní ìdáàbòbò ọmọdé. Mo ní, "Dádì, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?" Wọ́n ní iṣẹ́ Olúwa kan náà ni.

Owó ilé mi ní Lugbe ti fẹ́ pé. Kí n dákẹ́ ni, àbí kí n sọ̀rọ̀?

Akàǹtáǹtì, Gwarinpa: Arábìnrin mi, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́dítọ̀ ò ní bi yín bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀. Ohun tó máa béèrè ni ìwé tí wọ́n fi kọ́ yín, ìdánwò tí òṣìṣẹ́ ṣe kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, àti ìwé tí olùkọ́ fọwọ́ sí. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Tí wọ́n bá ní àwọn ò gba ìnáwó náà, àpò àjọ yín ni owó yẹn máa ti jáde padà. Ẹ kọ̀wé sí dónọ̀ nísinsìnyí, kí owó tó jáde, pé ẹ fẹ́ yí bọ́jẹ́ẹ̀tì díẹ̀ padà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Bàbá Kubwa: Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kọ ohun tí ọ̀gá rẹ ní kí o kọ. Òun ló máa fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n máa mú.

Akàǹtáǹtì, Gwarinpa: Bàbá, ẹ má bínú o. Orúkọ ẹni tó ṣe fáúṣà, ìwé tí a fi ń sanwó, ló máa ń wà lókè, ti ọ̀gá á wà nísàlẹ̀. Mo ti rí ibi tí ọ̀gá ti ní òun kàn fọwọ́ sí ohun tí wọ́n gbé wá bá òun ni.

Ìyàwó pásítọ̀, Nyanya: Ẹ bi àwọn pásítọ̀ yẹn fúnra wọn. Ọkọ mi ò ní gbà láéláé kí orúkọ òun wà nínú ìwé iṣẹ́ tí òun ò ṣe. Pọ́ọ̀lù náà kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn ará, ó sì sọ ọ́ nínú 2 Kọ́ríńtì 8:21 pé ohun tó tọ́ lójú ènìyàn náà lòun ń wá, kì í ṣe lójú Olúwa nìkan. Ẹ dá ọrẹ láàárín ara yín fún àwọn pásítọ̀. Tí kò bá tó bàálù, ṣé kò sí pásítọ̀ ní Jos ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jos: Wọ́n pọ̀ jaburata! Ẹ mú súwẹ́tà dání o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe àdúrà òru. Jos ga ju 1,000 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Àbújá. Ẹ tètè kúrò láàárọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Keffi àti Akwanga, ẹ ó gun òkè Hawan Kibo, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ àwùjọ, Karu: Owó nìkan lẹ ń sọ látàárọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Òwúrọ̀ ọjọ́ kan fún àwọn tó ń sùn sí ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ tí kò ní òbí nítòsí! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, òfin VAPP tó ka híhu ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ láti 2015, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ló sì ń mú un ṣẹ ní Àbújá. Ẹ bi awakọ̀ yín àti alásè yín lónìí: tí ọmọ bá sọ fún wọn pé ẹnì kan ń fọwọ́ pa òun lára lóru, ta ni wọ́n máa pè? Ọ̀pọ̀ á ní àwọn á pe Dádì. Tó bá wá jẹ́ ọ̀rẹ́ Dádì ni ọmọ dárúkọ ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi owó yẹn rán yín nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ṣe ètò mìíràn: ọ̀sán fún ẹ̀kọ́, ìdájí àti alẹ́ fún àdúrà, kí owó àwọn pásítọ̀ wá látinú ọrẹ òṣìṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí Dádì lórí ímeèlì. Wọn ò dáhùn níbẹ̀, wọ́n kàn pè mí pé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé.

Akàǹtáǹtì, Gwarinpa: Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ ní kí wọ́n kọ déètì sí èyí tí ẹ máa mú padà.

Bàbá Kubwa: Kí o sì kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kí o tó fún wọn o.