Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gé igi jẹun n'Ìbàdàn, kí lojú yín ti rí?

Aláayùn Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjì ti ń jà, fóònù ò sì dákẹ́ mọ́. Ẹni tí igi ti ń sùn lé òrùlé rẹ̀ tipẹ́, ìgbà tí atẹ́gùn ká páànù aládùúgbò rẹ̀ lálẹ́ àná ló tó rántí wa, ó sì fẹ́ ká dé lónìí yìí náà, kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ní kí n bi yín: kí lẹ ti rí nídìí iṣẹ́ yìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gùn ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fa okùn nísàlẹ̀, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé iṣẹ́ fún wa.

Tèmi rèé. Bàbá kan ní Àkóbọ̀ ní kí n wá gé mángòrò ẹ̀yìnkùlé òun. A dúnàá-dúrà, ọ̀rọ̀ wọ̀. A fi okùn sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ torí táńkì omi wà lábẹ́ rẹ̀, a gé ìtí rẹ̀ wẹ́wẹ́, a gbálẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbowó wa ká máa lọ." Ó wo òkìtì igi, ó wò mí, ó ní, "Owó kẹ̀? Ṣebí ẹ fẹ́ kó pákó lọ ni. Èmi gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fún ní nǹkan."

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Pákó mángòrò 😂😂 Kó yáa gbé e lọ fi kan bẹ́ẹ̀dì.

Onípákó Bódìjà
Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé irú ẹ̀ wá. Ìrókò, afárá, ọmọ̀, mèlaínà, tíìkì, ẹ gbé e wá, a máa sọ̀rọ̀. Mángòrò ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Kì í ga kó tó pẹ̀ka, kòkòrò sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni ìṣó. Ìṣó tí wọ́n fi so okùn aṣọ mọ́ ọn láyé bàbá wọn ṣì wà nínú ẹ̀, igi ti hù bò ó. Tí ayùn wa bá pàdé ìṣó yẹn, owó tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lórí igi náà ò lè tún ayùn ṣe. Ìdáná ló kàn.

Màmá Ìbejì Òkè-Àdó
Ìdáná náà ńkọ́? Àwọn oníbúrẹ́dì àti ìyá olóúnjẹ ń rà á. Ẹ má fi ẹnu ba igi jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbowó lọ́nà méjì.

Aláayùn Mọ́níyà
Màmá, wọ́n ń rà á lóòótọ́. Ta ló máa là á? Ta ló máa sanwó Dáínà tó máa gbé e? Tẹ́ ẹ bá yọ owó ọkọ̀ àti epo ẹ́ńjìnì tá a fi ń gé igi, ohun tó kù ò lè bọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin lọ́sàn-án. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni ìṣirò yẹn ti dàrú.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ṣé bàbá yẹn padà sanwó?

Aláayùn Mọ́níyà
Ìdajì. Ìyàwó wọn ló san án lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí Dádì gbọ́.

Kò Sí Wàhálà
Tìẹ tiẹ̀ dáa. Wọ́n ní kí èmi lọ kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé wo, wọn ò sọ.

Ìjì Ń Bọ̀
Mo ti jáwọ́ nínú irú ẹ̀. Ìdajì owó kí ẹ́ńjìnì tó dún. Ìyókù, ìgbà tí igi bá ti wà nílẹ̀ tá ò tíì kó ẹ̀ka kúrò lẹ́nu géètì. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ò lè jáde kì í bá èèyàn jiyàn.

Aláayùn Mọ́níyà
Ìkà ni ẹ́ o 😂

Màmá Ìbejì Òkè-Àdó
Ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ẹ̀yin agégi yìí náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Mo ní igi fúrúùtù kan níwájú ilé. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí iná ò bá sí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bí iná ṣe ń wà tó. Mo ní kí wọ́n bá mi rẹ́ ẹ̀ka tó ń gbo òrùlé. Mo wọlé lọ ro ọbẹ̀. Kí n tó jáde, wọ́n ti gé gbogbo orí ẹ̀ kúrò, ó dúró gbọnrangandan bí òpó iná. Mo kígbe. Ọ̀gá wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó máa hù. Ó hù lóòótọ́! Ẹ̀ka wuuru jáde lójú kan náà, inú mi dùn, àfi bí ìjì ṣe dé lọ́dún kejì tó ya ìdajì wọn lulẹ̀ sórí mọ́tò àlejò mi. Àlejò tó wá kí mi kú ọjọ́ ìbí o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Igbó
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀ka tó bá hù lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ́ igi lórí, etí èèpo níbẹ̀ ló ti ń yọ, kò fìdí múlẹ̀ nínú igi gan-an. Tó bá ti wúwo, ó máa já. Ẹ rẹ́ ẹ̀ka, ẹ má bẹ́ orí.

Bákan náà, ibi tí ẹ̀ka ti jáde lára ìtí máa ń wú díẹ̀. Ẹ má gé wọnú ibi tó wú yẹn, torí ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ ẹ̀ dé. Tí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ kọ́kọ́ jìnnà díẹ̀ sí ìtí kẹ́ ẹ gé e láti ìsàlẹ̀ wọnú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá sún síwájú, kẹ́ ẹ túbọ̀ jìnnà sí ìtí, kẹ́ ẹ gé e láti òkè, kó má baà ya èèpo lára ìtí lọ sísàlẹ̀. Kùkùté tó bá kù lẹ ó wá gé kẹ́yìn. Láti 1954 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí igbó ní Jẹ́ríkọ̀ níbí, n'Ìbàdàn tiwa yìí, síbẹ̀ ẹni tó bá ti ní àdá ni dókítà igi.

Ìjì Ń Bọ̀
Ọmọ ìwé, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n oníbàárà fúnra ẹ̀ ló ń ní ká bẹ́ ẹ. Tí o bá ní o ò bẹ́ ẹ, yóò pe ẹni tó máa bẹ́ ẹ ní ìdajì owó rẹ.

Àǹtí Àkàbà
Àwòrán ni mo máa ń fi hàn wọ́n, igi tí wọ́n bẹ́ àti bó ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn kan máa ń gbọ́. Àwọn mìíràn, bí wọ́n ṣe rí mi ni etí wọn ti di. "Ọ̀gá yín dà?" Èmi ni ọ̀gá. "Rárá, ọkùnrin tó máa gun igi là ń sọ."

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Àǹtí, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń gùn ún?

Àǹtí Àkàbà
Mò ń gùn ún. Ṣé o fẹ́ wá bá mi di àkàbà mú?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé
Rárá mà.

Bàbá Àgbà Àpáta
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú ní 1980, àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ méjì la fi gé àwọn igi tó dí ojú omi, igbà la fi ń gun ọ̀pẹ, kò sí àkàbà kankan. Ìgbà tí mo wá ra ẹ́ńjìnì, mo ṣì í yá ẹnì kan fún ọjọ́ kan péré. Epo lítà 5, ọ́ìlì rẹ̀ mílílítà 100, mo sọ fún un, mo tún un sọ. Ó da epo lásán sí i. Ó gbé e padà wá pẹ̀lú orí ìbínú, ó ní ẹ́ńjìnì mi kì í ṣe ojúlówó. Mi ò yáni ní nǹkan mọ́, títí kan àdá.

Kò Sí Wàhálà
Bàbá, ẹ ṣé. Èmi náà ti rí irú ẹ̀. Ó ní epo náà ń rùn bí ọ́ìlì, ló ṣe dà á nù 😭

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ẹ fi ti ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìrókò. Iṣẹ́ tó tíì lé mi sá nìyẹn. Agbo ilé kan nítòsí Ọjà'ba, ẹ̀ka ìrókò ti wọ́ lé òrùlé wọn. Àwọn àgbà ilé ní ká mú obì àti adìyẹ wá ká tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi kọ̀, wọ́n ní ọmọ ìjọ làwọn. Ẹ́ńjìnì tó dún láàárọ̀ níwájú ilé wa, kò dún mọ́. Wọ́n fà á títí, ó bá dún. Ó wọnú igi díẹ̀, ni iná bá ń ta ṣàràṣàrà jáde nínú igi! Igi tútù o. Eyín ṣéènì lọ. A kó ẹrù wa. Lọ́jọ́ kejì àwọn àgbà ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìrókò náà gé.

Ìjì Ń Bọ̀
Pọ́lọ́ọ̀gì ló dọ̀tí.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Pọ́lọ́ọ̀gì ló ń ta iná nínú igi?

Onípákó Bódìjà
Ẹ má bú u. Ti iná yẹn, mo gbà á gbọ́, ó ti ṣojú wa rí. Òkúta máa ń wà nínú ìrókò. Òkúta gidi, ó funfun, ó le. Ibi tí igi náà bá ti fara gbọgbẹ́ rí ni nǹkan funfun yẹn máa ń dì sí títí tó fi gan. Igi á hù bò ó, ẹ ò ní mọ̀ láti ìta. Ayùn tó bá kàn án, ó parí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n padà wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé e lókè tàbí nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ọ̀gá, ta ló fi òkúta sínú igi?

Onípákó Bódìjà
Igi náà ló fà á mọ́ omi láti inú ilẹ̀.

Ọmọ Bẹẹrẹ
Ẹ ṣeun. Igi tó ń mu òkúta. Ẹ tún wá ní kí n má mú obì dání.

Kò Sí Wàhálà
😂😂😂 Ẹ ti pa mí

Akẹ́kọ̀ọ́ Igbó
Kì í ṣe pé ó ń mu òkúta o. Èròjà tó wà nínú omi inú ilẹ̀ ló ń...

Ìjì Ń Bọ̀
Ọmọ ìwé, jókòó.

Bàbá Àgbà Àpáta
Ẹni tí wọ́n bá ní kó mú obì wá, kó mú un wá. Owó obì ò tó owó ṣéènì. Mi ò sọ pé nǹkan wà nínú igi, mi ò sì sọ pé kò sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí àgbà ilé bá ti jẹ obì yín tán lójú gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó máa dìde lọ́la pé ta ló ní kẹ́ ẹ gé igi bàbá àwọn. Mo ti rí ibi tí ọmọ ìyá méjì ti tìtorí igi gígé fa agégi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó pè é níṣẹ́ sì sá pa mọ́ sínú ilé.

Àǹtí Àkàbà
Mo máa kọ ọ́ mọ́ ìwé ìnáwó mi: epo, ṣéènì, obì.

Kò Sí Wàhálà
Obì ò, òkúta ò, iná mànàmáná ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. A gé ẹ̀ka kan tó gbórí lé wáyà. Àwọn oníná wá, wọ́n já iná, a rí i, ibi gbogbo ṣókùnkùn. Àbúrò mi gun òkè, apá ẹ̀ kan wáyà, iná gbé e! Ilé kan ló tan jẹnẹrétọ̀, kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" yẹn. Kò ní ṣéńjọ́fà, ó kàn ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná wá gba ilé ẹ̀ jáde sórí òpó. Okùn ìbàdí ló mú àbúrò mi. Ẹ́ńjìnì já bọ́, ó fọ́ yángá. Ọwọ́ ẹ̀ kú tipiri fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìjì Ń Bọ̀
Mi ò gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ò lè gbé gbogbo àdúgbò, ó máa kú lójú ẹsẹ̀ ni.

Kò Sí Wàhálà
Gbogbo àdúgbò kọ́. Wọ́n ti já wáyà ibẹ̀ kúrò lára ti ojú títì, ilé méjì péré ló kù lórí ẹ̀, ìkejì ò sì sí nílé.

Ìjì Ń Bọ̀
Ó dáa, ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹ kú ewu.

Aláayùn Mọ́níyà
Ẹ kú ewu o. Báwo lẹ wá ń ṣe báyìí?

Kò Sí Wàhálà
Mo máa ń kọ́kọ́ rìn yí ibẹ̀ ká, kí n gbọ́ bóyá jẹnẹrétọ̀ kan ń dún. Ilé tó bá ń dún, mo máa kan ìlẹ̀kùn, mo máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á. Wọ́n máa ń bú mi. Èyí tó ń wo bọ́ọ̀lù nínú wọn ló le jù.

Àlejò Ring Road
Ẹ káàsán o. Èló lẹ máa gba láti gé àgbọn kan fún mi?

Àǹtí Àkàbà
Ẹ káàsán mà. Ó ga tó wo? Ṣé ó sún mọ́ wáyà?

Àlejò Ring Road
Ó sún mọ́ ọn díẹ̀.

Àǹtí Àkàbà
Díẹ̀ báwo mà? Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́.

Àlejò Ring Road
Wáyà náà gba àárín imọ̀ ẹ̀ kọjá ni. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan o.

Kò Sí Wàhálà
Ẹ̀yin èèyàn, mo ti ń lọ sùn.