Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí antibody CRYZ: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí mo bèèrè ni pé, nínú Western blot (ọ̀nà tí a fi ń ya prótéènì sọ́tọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì, tí a ń gbé e sórí membrane, kí antibody lè fi í hàn bí ìlà), kí ló dé tí antibody fún zeta-crystallin (CRYZ), prótéènì lẹ́ńsì tó tún jẹ́ ẹ́ńsáìmù, ń fi ìlà tó funfun láàárín hàn nínú lẹ́ńsì ojú guinea pig, tó sì ń fi ìlà méjì hàn nínú ẹ̀dọ̀? Antibody náà kò lẹ́bi rárá.

Nínú lẹ́ńsì ẹranko yìí, CRYZ tó nǹkan bí 10% gbogbo prótéènì tó ń yòrò. 20 µg nínú ihò jẹ́ẹ̀lì kan ti pọ̀ jù: HRP (ẹ́ńsáìmù tó wà lára antibody kejì) tó kóra jọ síbẹ̀ ti jẹ ECL (èròjà tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde) tán kí a tó ya àwòrán. 0.5 µg ti tó, kí ẹ sì la antibody àkọ́kọ́ (èyí tó ń lẹ̀ mọ́ CRYZ) sí i, láti 1:1000 lọ sí 1:5000. Ẹ̀dọ̀ ṣì ń fẹ́ 20 µg tirẹ̀.

Ìlà kejì inú ẹ̀dọ̀, GAPDH ni, prótéènì mìíràn tí a sábà máa ń fi ṣe àfiwé. Membrane tí a ti kọ́kọ́ fi wo GAPDH ni mo tún lò, stripping (fífọ antibody àtijọ́ kúrò) kò sì mú un kúrò tán. CRYZ wà ní 35 kDa (kDa ni a fi ń wọn bí prótéènì ṣe tóbi tó), GAPDH ní nǹkan bí 36. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ẹ lo membrane tuntun, kí ẹ sì fi α-tubulin (50 kDa) ṣe control.

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ìlà tó nípọn kò sọ pé ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́, nítorí SDS (ọṣẹ tó ń tú prótéènì) àti ooru ti tú u palẹ̀. Ẹ fi lysate (omi inú sẹ́ẹ̀lì tí a fọ́) tí kò ní SDS, 9,10-phenanthrenequinone (quinone tí ẹ́ńsáìmù náà ń yí padà) àti NADPH (èròjà tó ń fún ẹ́ńsáìmù ní electron) wò ó ní 340 nm, níbi tí a ti ń rí bí NADPH ṣe ń dínkù, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú NADH, tó jọ NADPH. NADPH nìkan ni CRYZ ń lò. NQO1, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń yí quinone padà, ń lo méjèèjì. Dicoumarol kò lè ya CRYZ àti NQO1 sọ́tọ̀, torí ó ń dá àwọn méjèèjì dúró.

Mo ti pa ìbéèrè náà dé. Ẹ ṣeun gan-an.