Owó ọrẹ àwọn ọmọdé kún àpótí, ₦5, ₦10 àti ₦20 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ni ká ṣe sí i?

Olùkọ́ Ọmọdé, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń bójú tó owó ọrẹ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó tí òbí ò ríbi ná mọ́ ló máa ń fún ọmọ pé kó lọ fi sígbá: ₦5, ₦10, ₦20. Tó bá dáa tán, ₦50. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó jọ. Àpótí kún, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí garawa. Bẹ́ńṣì la fẹ́ fi ṣe, torí orí ẹní làwọn kéékèèké ń jókòó sí.

Mo gbé díẹ̀ lọ sí báǹkì, kàṣíà ní àwọn ò gba irú owó yìí, kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀ níta. Àwọn oní-POS ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ wá ní ká kúkú dáná sun ₦5 ibẹ̀, pé kò wúlò mọ́. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ọmọ tó mú ₦5 wá, ohun tó ní ló mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má dáná sun nǹkan kan o! Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023 ni, nígbà tí báǹkì ò rówó fún wa? ₦200, ₦500 àti ₦1,000 nìkan ni wọ́n pa láró nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwọn kéékèèké. Ta ló ń kọ ₦20 lọ́jà nígbà yẹn? Owó ni ₦5 títí dòní.

Kàṣíà Àná
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo jókòó sídìí káńtà báǹkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé kàṣíà sá. Kì í ṣe ₦5 fúnra ẹ̀. Owó tí wọ́n kó dà sílẹ̀ ní rúdurùdu, tó ká kò, tó lẹ̀ mọ́ra, ni kò fẹ́ rí. Ẹ̀rọ ìkawó kì í gbé e, ọwọ́ ló máa fi kà á, èrò sì ti tò lẹ́yìn yín.

Ẹ ṣa irú kan náà pọ̀. Ẹ dojú gbogbo ẹ̀ kọ ibì kan náà, kí orí Tafawa Balewa wà lókè lórí ₦5, Alvan Ikoku lórí ₦10, Murtala lórí ₦20. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ kọ iye ẹ̀ àti ọjọ́ sára bébà. Ọgọ́rùn-ún ₦5, ₦500 péré ni, ti ₦20 sì jẹ́ ₦2,000, torí náà ẹ ṣe sùúrù. Èyí tó ya, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó ká kò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìwé tó wúwo mọ́jú. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ o! Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe owó náà, iná á sún un kì.

Báǹkì tí ìjọ ní àkáǹtì sí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé àti ìparí oṣù. Kẹ́ ẹ tó gbé e dé, ẹ lọ rí ọ̀gá àwọn kàṣíà ná.

Ọmọ Agbẹjọ́rò
Mo fara mọ́ Kàṣíà Àná. Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kún un: abala 20 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá kọ̀ láti gba náírà, ẹjọ́ ni. Ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bá ọmọ ọlọ́mọ jà lórí káńtà. Ẹ béèrè mánéjà, kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò gbà á. Ẹ máa rí i pé wọ́n á gbà á. Tí wọ́n bá ṣorí kunkun, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí báǹkì náà ná, lẹ́yìn náà ẹ kọ sí Báǹkì Àpapọ̀.

Ṣẹ̀gun
Ẹ bá mi gbé e fún àwọn tó ń ta owó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn òde. Wọ́n á yọ díẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ ti bọ́.

Ọmọ Agbẹjọ́rò
Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n fi owó Ọlọ́run wọ ẹjọ́. Abala 21 nínú òfin kan náà dá títa náírà lẹ́bi. Owó tuntun gbẹrẹgẹdẹ sì làwọn olóde ń wá, wọn ò wá èyí tó ti wà lápò ọmọdé.

Oníbúrẹ́dì Mọ́kọ́lá
Olùkọ́ mi, ₦50 yẹn, ẹ má gbé e dé báǹkì rárá! Èmi ń wá a bí ẹni ń wá omi. Oníbàárà á ra ọjà ₦950, á na ₦1,000 sí mi, mi ò ní ṣẹ́ńjì, ni mo bá fún un ní súìtì, ojú á sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé e wá, ká jọ kà á lójú ara wa, mo máa fi iye ẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìjọ. Mi ò ní yọ kọ́bọ̀. Ẹ dúró gba álátì kẹ́ ẹ tó lọ. Mo lè gba ₦20 náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ₦5 àti ₦10, mi ò ní tàn yín, àwọn oníbàárà mi ò gbà á.

Alhaji Akápò
A ní irú ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wa. Ohun tó gbà wá ni pé a ò jẹ́ kó kó jọ mọ́. Gbàrà tí a bá kírun Jímọ̀ tán, èèyàn méjì á kà á, wọ́n á dè é, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ẹ sì sọ fún àwọn òbí kí wọ́n yéé fún ọmọ ní ₦5.

Ìyá Ìbejì
Alhaji, ti ìkẹyìn yẹn ni mi ò gbà. Ilé ibòmíì wà tó jẹ́ pé ₦5 yẹn náà ló kù. Tí ẹ bá kéde ẹ̀, ọmọ yẹn á jókòó sílé.

Olùkọ́ Ọmọdé, Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, a ò ní kéde ẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì àgbà máa ṣà á. Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì mi. Ó ku ìbéèrè kan, Kàṣíà Àná: àwọn ₦10 kan wà tí àwọ̀ wọn ti ṣí, orí Ikoku ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ṣé kí n pa wọ́n mọ́ àwọn yòókù?

Kàṣíà Àná
Rárá, ẹ dè wọ́n lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ "àwọ̀ ti ṣí" sára bébà ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ₦5, ₦10 àti ₦50 di rọ́bà lọ́dún 2009 la ti ń rí i. Báǹkì ló máa kó irú ẹ̀ pa dà fún Báǹkì Àpapọ̀. Tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá ṣì ṣe é kà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a pa dà fún yín.