Ìwé owó-orí ilé àtijọ́: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé bàbá bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ló dìjà. Ìdílé kan ní àwọn kàn fi bàbá wa wọ̀ síbẹ̀ ni, àwọn àgbà tó lè jẹ́rìí sì ti kú tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rántí pé màmá àgbà kì í ju rìsíìtì nù. A tú àpótí aṣọ wọn títí, a rí ti tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, ìyẹn owó-orí ilé tí káńsù ń gbà. Déètì orí rẹ̀ ti parẹ́, àmọ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi kọ iye owó, orúkọ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì wà lókè. Ọdún 1973 ni náírà dé. 27 May 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ẹ̀pẹ́ fi kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó!

Òun la mú lọ sí káńsù. Akọ̀wé àgbà kan gbé ìwé ńlá kan sílẹ̀, ó ní, "Rọra ṣí i o, ọmọ mi, ó ti gbó." Òpópónà-òpópónà ni wọ́n tò ó: nọ́ńbà ilé, orúkọ onílé, iye tí wọ́n dá lé e, iye tó san. Orúkọ bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. A ò ní fọ́tò wọn kankan nílé, ìwé owó-orí ló pa orúkọ wọn mọ́ fún wa.

Lọ́yà wa là á yé wa pé rìsíìtì owó-orí kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ó ní ọ̀nà márùn-ún ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ là sílẹ̀ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Kí èèyàn ti máa lo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ wà lára wọn, ibẹ̀ ni owó-orí ti wúlò. Ó ní ká gba ẹ̀dà tí káńsù fọwọ́ sí tó sì lu lóǹtẹ̀, torí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè fún ìwé ìjọba. Ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú:
Àbúrò, o kú oríire. Jọ̀ọ́, wo orúkọ yẹn dáadáa. Nílé tiwa, àbúrò bàbá mi ló wà nílé lọ́jọ́ tí àwọn tó ń díye lé ilé dé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ. Lẹ́yìn tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ na ìwé náà sí wa. Ohun tó gbà wá ni pé orúkọ bàbá mi ló wà lórí ti àwọn ọdún tó ṣáájú. Nítorí náà, má gba ẹ̀dà ọdún kan ṣoṣo. Tó bá sì jẹ́ ti ẹ̀yìn 2001, òfin Land Use Charge ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún yẹn ti da tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà.

Ará Àgbádárìgì:
Ti ayé òyìnbó, Ìbàdàn ni mo ti rí tèmi, ní National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fáìlì Comcol, ìyẹn ti Kọmíṣọ́nà Kọ́lọ́nì, aláṣẹ tó ń ṣàkóso agbègbè Èkó láyé òyìnbó. Lẹ́tà àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé owó-orí ti wọ àwọn lọ́rùn ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ á dárúkọ àdúgbò rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, iye ọmọ tó ń bọ́. Mo rí ti ìdílé ìyá mi! Ẹ kọ orúkọ ìdílé, àdúgbò àti ọdún tí ẹ ń wá sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.