Ẹ bá mi wá ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Mọ́mì lè kà kí wọ́n sì rí oorun sùn

Ìyá Bọ̀lá, Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kà á kọjá.

Mọ́mì mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kubwa láti ìgbà tí Dádì ti ṣaláìsí. Tíṣà ni wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé, tí èmi àti bàbá wọn bá ti wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ilé á pa rọ́rọ́, ìwé nìkan ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn jù lọ ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ta ló pa á, kí ló fà á, báwo ni àṣírí ṣe tú. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò sì fẹ́ ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gún èèyàn lọ́bẹ tàbí bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn lóró. Tí wọ́n bá ṣèèṣì ka irú ẹ̀, ojú wọn á là kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Èmi náà máa ń kà á tẹ̀lé wọn, a ó wá jókòó lálẹ́ láti jiyàn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a ti kà láìpẹ́ yìí àti bí ó ṣe rí lójú wa, kí ẹ lè mọ irú èyí tó wù wá.

Èyí tí wọ́n gbádùn jù ni The No. 1 Ladies' Detective Agency tí Alexander McCall Smith kọ, tó jáde ní 1998. Orílẹ̀-èdè Botswana ni ìtàn náà ti wáyé. Precious Ramotswe ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì fi owó rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ ní Gaborone. Ọkùnrin kan lọ bá obìnrin kan nílé pé òun ni bàbá rẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti sọnù. Ó jókòó sílé ọmọ ọlọ́mọ, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń pàṣẹ. Ramotswe wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó lọ bá a pé ọmọ rẹ̀ ti fara pa, pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni àwọn máa fà fún un, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ kú síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá fi jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá ẹnikẹ́ni. Mọ́mì pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní, "Ẹjọ́ Sólómọ́nì nìyẹn!" Kò sí ìbọn, kò sí ọlọ́pàá tó ń gbá èèyàn létí, síbẹ̀ òótọ́ jáde. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ìwé náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn la ka The Thursday Murder Club, ti Richard Osman, ti ọdún 2020. Àwọn àgbàlagbà mẹ́rin ní abúlé àwọn arúgbó kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti yẹ ẹjọ́ ìpànìyàn tí ọlọ́pàá ò rí ojútùú rẹ̀ wò, kí ikú tòótọ́ tó wá ṣẹlẹ̀ nítòsí wọn. Mo fẹ́ràn Joyce, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń kọ ìwé ìrántí. Ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ló dà bíi pé ó ń sọ, àfi tí ẹ bá dúró kà á dáadáa. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí ìwé náà parí, ikú àti àṣírí ti pọ̀ jù, wọ́n ń gbé ara wọn ṣubú. Ní ti Mọ́mì, ohun tó dùn wọ́n nínú ìwé náà kò kan ìpànìyàn rárá. Bí wọ́n bá ti ka orí kan tán, wọ́n á bi mí pé, "Àwọn ọmọ wọn dà?"

The Murder of Roger Ackroyd, tí Agatha Christie kọ ní 1926, ló dá ìjà sílẹ̀. Mi ò ní sọ bó ṣe parí nítorí àwọn tí kò tíì kà á. Mọ́mì ní òǹkọ̀wé náà rẹ́ wa jẹ. Èmi ní kò rẹ́ wa jẹ, torí mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé kò parọ́ níbì kankan, ó kàn gbé ojú wa síbòmíràn ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a kò tíì gbà fún ara wa.

My Sister, the Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ ní 2018 ni wọ́n dá padà fún mi. Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Nọ́ọ̀sì kan ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní balùwẹ̀ níbi tí àbúrò rẹ̀ ti pa ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀. Èmi ò lè gbé e sílẹ̀ títí mo fi kà á tán, ọmọ yẹn mọ ìwé kọ. Àmọ́ kì í ṣe fún Mọ́mì.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni kí n fún wọn kà báyìí? Ó lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ Yorùbá. Wọ́n ti ka Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ nígbà èwe wọn, wọ́n mọ Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú wọn, dáadáa. Kí lẹ́tà rẹ̀ má sì kéré jù o.

Bọ̀dá Lánre, Kaduna

Ìyá Bọ̀lá, ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Tí wọ́n bá ti ka Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹ wá Kọ́lá Akínlàdé fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Owó Ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó gbóná lọ́wọ́. Òun àti Táfà Ìgìrìpá, ìjà ò jìnnà sí wọn, eré sísá ò jìnnà sí wọn, ìlú Ìbàdàn á sì máa hó gùdù. Ṣùgbọ́n Akin Olúṣínà tí Akínlàdé kọ nípa rẹ̀, orí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á béèrè ọ̀rọ̀, á fetí sílẹ̀, á pa ìdáhùn tẹnìkan pọ̀ mọ́ tẹnìkejì, ibi tí wọn ò ti bára mu ni yóò dì mú. Ohun tí Mọ́mì yín ń wá gan-an nìyẹn, ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé.

Àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ ní Ìbàdàn ni kí ẹ bi. Ẹ rán ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé níṣẹ́.

Àǹtí Sìdí, Zaria

Ẹ kú àtijọ́ o, Ìyá Bọ̀lá. Apòògùn ni mí, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Agatha Christie fi máa ń dùn mọ́ mi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti mọ májèlé. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Mysterious Affair at Styles, tó jáde ní 1920, strychnine ló pa olóògbé inú rẹ̀, bí ó sì ṣe ṣàlàyé ọ̀nà tí májèlé náà gbà ṣiṣẹ́ nínú ìgò oògùn, ẹni tó kàwé oògùn nìkan ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kò fi pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀: ẹnì kan mu tíì, ẹnì kan ò jí láàárọ̀, ó parí. Àlàyé ikú kì í ju ìlà díẹ̀ lọ, àwọn tó kù láàyè ni iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn.

Èyí tí màá fún Mọ́mì ni The Thirteen Problems, ti ọdún 1932. Ìtàn kéékèèké mẹ́tàlá ni. Àwọn èèyàn kan jókòó sí yàrá lálẹ́: ọ̀gá ọlọ́pàá Scotland Yard tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́yà, àlùfáà, obìnrin ayàwòrán, àti òǹkọ̀wé kan. Oníkálukú á sọ ìtàn ọ̀ràn tó mọ̀, àwọn tó kù á wá ojútùú rẹ̀. Miss Marple, àgbàlagbà obìnrin, jókòó ní tirẹ̀, ó ń hun òwú, wọ́n fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Òun ló máa ń já ọ̀rọ̀ náà! Ọ̀nà tó sì ń gbà já a ni pé á ní ọ̀rọ̀ yìí rán òun létí ẹnì kan ní abúlé òun, ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe ń mọ òótọ́ nìyẹn? Wọn ò lọ yunifásítì ìwà ọ̀daràn, èèyàn ni wọ́n ti rí púpọ̀.

Ìtàn kan, alẹ́ kan. Wọ́n á parí rẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kò ní sí ohun tó máa ká wọn lára mọ́jú.

Lórí ọ̀rọ̀ Roger Ackroyd, ẹ̀yìn yín ni mo wà, àmọ́ ẹ má sọ fún Mọ́mì pé wọ́n jẹ̀bi. Àwọn òǹkàwé ti ń bá Christie jà lórí ìwé yẹn láti 1926.

Túnjí, Gwarinpa

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Bọ̀lá, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀.

Èmi ò lè fara mọ́ ìwé ọ̀daràn tí kì í dun èèyàn. Wọ́n pa èèyàn, àwọn tó kù ń jẹ kéèkì! Ẹ̀mí èèyàn ò yẹ kó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Lightseekers, tí Fẹ́mi Káyọ̀dé kọ, tó jáde ní 2021, ni mo kà kẹ́yìn. Philip Taiwo, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, lọ wádìí ìdí tí àwùjọ èèyàn fi pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ìlú kan nítòsí Port Harcourt. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó pa wọ́n, ohun tó ń wá ni ìdí rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára, mo sì ń ro ó di báyìí, torí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ládùúgbò èyíkéyìí nílẹ̀ wa ni. Easy Motion Tourist ti Leye Adenle náà tún wà, ti Èkó ni. Àwọn Cassava Republic tó tẹ̀ ẹ́ jáde, Àbújá wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ẹ jẹ́ ká máa ka tiwa.

Ìyá Bọ̀lá, Kubwa

Túnjí, o ṣeun, mi ò bínú rárá. Èmi fúnra mi máa ka Lightseekers.

Àmọ́ gbọ́ ìdí tí mi ò fi ní fún Mọ́mì. Láti oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, ni Mọ́mì kò ti gbọ́ ìròyìn alẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Kàdúná, ó ń gba ọ̀nà yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá wà lójú ọ̀nà, Mọ́mì kì í jẹun títí ó fi máa pè pé òun ti dé. Ìwé tó ń dun èèyàn ò lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun tí kò mọ̀.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀ pé ikú fúyẹ́ lójú wọn nínú àwọn ìwé tí ò ń wí yìí. Níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kú, gbogbo abúlé dúró. Wọ́n ń béèrè ibi tó wà ní aago mẹ́rin, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tó jẹ. Wọn ò ní sinmi títí wọ́n á fi rí ẹni tó ṣe é. Níbí, mélòó ni wọ́n pa tí ẹnikẹ́ni ò béèrè? Ìtọpinpin yẹn ni Mọ́mì ń fi ìwé wá. Ó yé mi pátápátá.

Bọ̀dá Lánre, Kaduna

Èmi tí mò ń gbé Kàdúná, mo gbà pẹ̀lú yín. Túnjí, ìwé tí ò ń wí dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé kọ́ ni ti gbogbo ìgbà.

Ìkìlọ̀ kan, Ìyá Bọ̀lá. Tí ẹ bá ń ra ti Miss Marple, ẹ má fún Mọ́mì ní 4.50 from Paddington, ti 1957. Ìwé tó dára ni, àmọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé obìnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ mìíràn ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé rí ọkùnrin kan tó ń fún obìnrin lọ́rùn pa. Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ yìí, ẹ yẹra fún un.

Ọmọ Ọ̀fà, Kano

Ẹ kú àṣálẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà kékeré, bàbá mi ní irú ìṣòro yìí. Fóònù àtijọ́ tí mi ò lò mọ́ ni mo fún wọn, mo fi ìwé sórí rẹ̀, mo sì mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n ń kà á láìlo awò. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó má baà máa ta wọ́n lójú lálẹ́. Ìwé tí wọ́n ń kà sétí náà wà, àmọ́ ó máa ń mú bàbá mi sùn lọ kí àṣírí tó tú.

Ẹ má sì gbàgbé pé Ramotswe ò parí sí ìwé kan. Èyí tó tẹ̀lé e ni Tears of the Giraffe, ti 2000, ìwé tó sì wà nínú ọ̀wọ́ náà báyìí lé ní ogún. Mọ́mì ò ní rí i kà tán kíákíá.

Túnjí, Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Mi ò rò ó dé ibi tí ẹ gbé e dé, pé gbogbo abúlé dúró nítorí ẹnì kan. Èmi náà fẹ́ ka The Thirteen Problems báyìí.

Ìyàwó bàbá mi àgbà ní Owó Ẹ̀jẹ̀, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ pé. Mo ti bi wọ́n, wọ́n ní Mọ́mì lè yá a, kó má ṣáà ti sọnù.

Ìyá Bọ̀lá, Kubwa

Háà, Túnjí, Ọlọ́run á bù kún ọ! Kò ní sọnù, Mọ́mì kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ìwé ẹlòmíràn. Àǹtí Sìdí, èmi á wá The Thirteen Problems ní Wuse lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Ọ̀fà, ẹ bá mi kọ bí ẹ ṣe ń fi ìwé sórí fóònù náà, bàbá Bọ̀lá ní fóònù kan tó kàn wà nílẹ̀.

Túnjí, Gwarinpa

Mò ń bọ̀ ní Kubwa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá mú un wá.