Àbọ̀ lórí ọgbẹ́ ìdí tó ń ya: ojú ibi tí a rán an sí ló yanjú ẹ̀

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ìbéèrè tí mo bi yín nígbà yẹn nìyí: wọ́n gé pilonidal sinus, ihò onírun tó ń yọ lókè ìdí, fún aláìsàn kan, wọ́n rán an sí àárín gẹ́ẹ́, ó sì ya lọ́jọ́ 9; kí la máa ṣe?

Ẹ ní ká má rán an mọ́, ká máa dì í lójoojúmọ́. Ó kún láti ìsàlẹ̀ wá, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ 10, ibì kan tí kò ju èékánná lọ nítòsí ihò ìdí kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ló jìn jù: òógùn ń dúró síbẹ̀, ìdí ọ̀tún àti tòsì sì ń fà á ya.

Iṣẹ́ abẹ Karydakis ló yanjú ẹ̀. Wọ́n gé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tú awọ apá kejì, wọ́n fà á kọjá àárín. Ojú ìrán bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 2 sí ẹ̀gbẹ́, kòtò ìdí sì tẹ́jú. Lọ́jọ́ 14 a yọ òwú. Oṣù 5 rèé, kò tíì ya. Iṣẹ́ abẹ Limberg, tí wọ́n fi ń yí awọ ẹ̀gbẹ́ wá bo ojú ọgbẹ́, náà ì bá ṣiṣẹ́, àmọ́ àpá rẹ̀ ló tóbi.

Fífá irun ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ ṣáà nu irun tí abẹ gé kúrò lójú ọgbẹ́. Ohun tó kù ni pé awọ ẹ̀gbẹ́ àpá ṣì kú, kò mọ ìfọwọ́kàn.