Puyol ni mo rò pé mo rà

Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni mò ń tì lẹ́yìn nínú eré ìdárayá, tèmi kì í ṣe ti Arsenal, kì í sì í ṣe ti Super Eagles. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni. Mo lọ sí Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì, mo ń wá aṣọ tí màá máa wọ̀ síṣẹ́ òru. Ìyá olókìríkà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì tuntun, àwa èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ba tíṣẹ́ẹ̀tì pupa kan, ó nípọn, kò tíì ṣá. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo rí PUJOLS, nọ́ńbà 5 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló ń wọ nọ́ńbà 5 ní Barcelona nígbà yẹn? Mo ní Puyol ni, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣi orúkọ kọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti Barcelona lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń bá òkìríkà ṣàríyànjiyàn? Mo san ₦200 kíá kí ẹlòmíràn má baà já a gbà.

Ilé tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Àjílóṣùn ni wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyẹ pupa méjì ló wà láyà aṣọ náà, wọ́n bà lórí igi kan. Ọmọkùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni Barcelona bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìẹ?" Ojú tì mí. Lóru ọjọ́ yẹn, níbi tí mo ti ń ṣọ́ ilé epo kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, mo tẹ orúkọ náà sínú Nokia kékeré mi.

Bí mo ṣe pàdé Albert Pujols nìyẹn. Ọmọ Dominican Republic ni, bésíbọ́ọ̀lù ló ń gbá ní Amẹ́ríkà. Ọdún 11 ló fi gbá a fún St. Louis Cardinals, wọ́n jọ gba World Series, ife tó ga jù nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 2006 àti 2011, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì yàn án ní ẹni tó dáńtọ́ jù ní líìgì rẹ̀. Nígbà tí 2011 ń parí lọ, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó tọwọ́ bọ̀wé ọdún 10 pẹ̀lú Angels ní Califonia, mílíọ̀nù 240 dọ́là. Níbẹ̀ ni mo ti wá rí i, àbí mo rò pé mo rí i, bí aṣọ náà ṣe dé Adó. Ẹnì kan ní St. Louis ló fi ìbínú bọ́ ọ dànù.

Mo wá wo ohun tó ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó kó owó náà fún un. Kò ṣe nǹkan kan. Odindi oṣù Kẹrin, kò gbá home run kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kó gbá bọ́ọ̀lù kó fò kọjá ògiri pápá. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ló tó gbá àkọ́kọ́. Èmi tí mi ò mọ ìdí eré náà, inú mi dùn bíi pé ọmọ ìyá mi ni.

Àsìkò ló jẹ́ kó mọ́ mi lára. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ eré lálẹ́ ní Califonia, aago mẹ́ta òru ló ń lù ní Èkìtì, ìgbà tí oorun máa ń gbé ọdẹ gan-an. Èmi àti bàbá kan, ará Ìjerò, la jọ ń ṣọ́ ibẹ̀. Bàbá yìí kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ni. Tó bá rí mi tí mo tẹjú mọ́ fóònù, á ní:

"Ọkùnrin rẹ yẹn, ṣé ó gbá a?"

"Rárá, Bàbá."

"Kó máa re ulé kó lọ sinmi."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún mẹ́wàá sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ní 2013, àtẹ́lẹsẹ̀ dà á láàmú títí kan gìgísẹ̀, 99 péré ló rí gbá nínú eré 162 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá lọ́dún náà. Bàbá ní ẹsẹ̀ òun náà ń dun òun bẹ́ẹ̀, kí n bá òun wo orúkọ oògùn tí wọ́n lò fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ wúwo sí i, ọwọ́ lọ́ra sí i. Ní eré yìí, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré dé ibùdó àkọ́kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀; ní tirẹ̀, kó tó sáré débẹ̀, wọ́n á ti ju bọ́ọ̀lù dè é.

Ìyàwó mi máa ń bi mí pé ẹni tó ní mílíọ̀nù 240 dọ́là, kí ló fẹ́ fi àánú ọdẹ ilé epo ṣe? Mi ò ní èsì gidi fún un rí. Kì í ṣe àánú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń jó tí gbogbo agbo ń hó ti jẹ tiwọn. Èmi, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ìlù mu mọ́ ni mo dé, ìyẹn nìkan sì ni tèmi.

Àmọ́ kí n má parọ́. Nígbà tí Angels já a sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2021, tó jẹ́ pé nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá dúró gbá bọ́ọ̀lù kò rí méjì ṣe dáadáa, mo ká aṣọ náà, mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà wá ṣe bíi ti ará St. Louis ọjọ́sí. Oṣù yẹn kò tíì parí tí Dodgers, ẹgbẹ́ Los Angeles, fi mú un, tí àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ ń pè é ní Tío Albert, bí ìgbà téèyàn ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Mo lọ fa aṣọ mi yọ. Ìyàwó mi ti fi nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní 2022 ó padà sí St. Louis, ẹni ọdún 42, ó ní ọdún tí òun máa fẹ̀yìn tì nìyẹn. 679 ni gbogbo home run tó ti gbá nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Títí di oṣù Keje, bákan náà la wà. Oṣù Kẹjọ dé, ó wá ń gbá bọ́ọ̀lù bí ọmọ ogún ọdún.

Òru Ẹtì mọ́jú Sátidé, 24 oṣù Kẹsàn-án. Los Angeles ni wọ́n wà. Ó ku méjì kó pé 700. Nẹ́tíwọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé nọ́ńbà wá: 699. Mi ò lè mí. Aago mẹ́rin ti kọjá, nǹkan tó ń yí lójú fóònù ń yí, ó ń yí, ó wá dúró. 700. Nínú gbogbo àwọn tó ti gbá bésíbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà, Bonds, Aaron àti Ruth nìkan ló dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo ké. Bàbá tó ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì fò dìde, ó ki fèrè bọ ẹnu, ó fun ún. Kò pẹ́ tí àwọn ọdẹ òdìkejì títì fi sáré dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àdá. "Ibo ni wọ́n gbà?" Bàbá nawọ́ sí mi. Mo ní kò sí olè o, Albert ló gbá a. Ọ̀kan nínú wọn ní Albert wo, ṣé ọmọ mi ni?

Kí n tó dáhùn, Bàbá ti gbé fèrè sílẹ̀.

"Ó gbá a?"

"Ó gbá a, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó jókòó padà, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Kó máa re ulé wàyí."